Páúdà Inú Ògì Bùrọ̀dá Bọ̀dé

Ẹtì, 31 Jánúárì 2025

Wọ́n ti sún un síwájú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Orí pèpéle tí a ti ń já ẹrù ni mo wà, lọ́rí méjì ń dúró dè mí, nígbà tí Nọ́ọ̀sì Catherine pè. Ó ní èsì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Bọ̀dé, ti dé, àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀ sí 0.8, bẹ́ẹ̀ 1.5 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó lè fún un ní kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ rẹ̀.

Mo ní, "Jẹjẹrẹ náà ńkọ́? Ṣé òun náà máa sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan?"

Ó ní, "Wúrà, tí a bá fún un báyìí, ikọ́ lásán lè pa á."

Ráúǹdì mẹ́rin ni wọ́n kọ fún un lẹ́yìn tí wọ́n gé lára ìfun rẹ̀ ní Nòfẹ́ńbà. Ọ̀kan péré ló tíì gbà. Mo ti to gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ewé fún èyí tó ti lọ, pupa fún èyí tó kù. Mi ò ní àwọ̀ fún èyí tí wọ́n sún síwájú.

Mo bi í nípa glútámìnì, ọ̀kan nínú amínò ásíìdì, àwọn èròjà oúnjẹ tí mo ń kà nípa wọn láti ọjọ́ márùn-ún, pé àwọn ló ń bọ́ sójà inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, kí n má sì fún un ní ohunkóhun títí apòògùn àti onímọ̀ oúnjẹ á fi dá mi lóhùn. Ìgbà wo nìyẹn? Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Tí èmi bá fi ọjọ́ mẹ́wàá dá oníbàárà kan lóhùn níbí, wọ́n á lé mi dànù.

Àbámẹ́ta, 1 Fẹ́búárì

Òjò wínníwínní. Mo lọ sí Chadwell Heath, ṣọ́ọ̀bù Abdulafeez tó ń ta oúnjẹ àwọn tó ń gbé irin. Ike glútámìnì kan, pọ́n-ùn méjìdínlọ́gbọ̀n.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ yọ iṣan ni?"

Mo ní kó gba owó rẹ̀ kó panu mọ́.

Mo dé ilé wọn ní Becontree, Bùrọ̀dá jókòó níwájú hítà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nínú ilé. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò rù. Ọwọ́ tó fi ọdún mọ́kànlá ju àwọn ọ̀mùtí síta lẹ́nu ọ̀nà ilé ijó ni. Mo gbé ike náà ka iwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé: ṣíbí méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo kà á ni."

"O kà á. Àwọn dókítà ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì ń rò ó. Bùrọ̀dá, àwọn yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ àkókò."

"Omi àdúrà ni mò ń mu. Kò sí páúdà kankan tó máa wọ inú mi."

Mo ní omi àdúrà kì í bí sójà. N kò tíì pa ẹnu dé tí ike náà ti fò kọjá létí mi, ó lu ògiri, ìdérí rẹ̀ fò yọ, gbogbo káàpẹ́ẹ̀tì funfun báláú. Moṣọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ yọ láti kíṣìńì pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀.

Ká ní ó fẹ́ bà mí ni, ì bá bà mí. Mo mọ bó ṣe ń ju nǹkan.

Àìkú, 2 Fẹ́búárì

Òtútù ìta dé dígírì méjì, ẹsẹ̀ lásán ni Bùrọ̀dá fi lọ sí ìjọ. Láti ìgbà tó ti gba ráúǹdì kìíní ni gbogbo ohun tútù ti ń gún un bí àfọ́kù ìgò, síbẹ̀ kò wọ bàtà, kò wọ ìbọ̀sẹ̀, torí pé nínú ìjọ wọn, wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà funfun. Ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ ní omi ń bọ́ lójú rẹ̀ láti inú ọkọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Díákónì kan fẹ́ gbé e, ó fi ìkúùkù gbá a láyà.

Ìṣẹ́gun, 4 Fẹ́búárì

Mo ra ike mìíràn. Mo bá Moṣọpẹ́ ní kíṣìńì nígbà tí Bùrọ̀dá ń sùn lọ́sàn-án.

"Ìyàwó, ògì tí o ń fún un, ṣé ó máa ń wo inú ife kó tó mu ún?"

Ó ti mọ ibi tí mò ń lọ. "Sisí mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò ní adùn, kò ní òórùn. Ṣíbí méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì nírọ̀lẹ́. Jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, má jẹ́ kó gbóná jù."

"Tó bá mọ̀, ó máa pa mí."

Bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

"Tí kò bá sì mu ún, jẹjẹrẹ máa pa òun. Mú ọ̀kan."

"Ṣé ẹ ti bi àwọn nọ́ọ̀sì?"

"Mo ti bi wọ́n."

Irọ́ kọ́. Pé wọn ò tíì fèsì ni mi ò fi kún un. Ó gba ike náà, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn àpò gààrí. Mo fi ètò náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, àkókò àti ìwọ̀n, kó má baà dà á rú. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: má jẹ́ kó mọ̀ o.

Ẹtì, 7 Fẹ́búárì

2.3! Mo na ìkúùkù sókè láàárín ọ́fíìsì, gbogbo wọn wò mí. Catherine ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé tí ara bá ti rí ọ̀sẹ̀ kan sinmi, àwọn sójà náà á padà fúnra wọn. Mi ò bá a jiyàn. Èmi mọ ohun tó ṣiṣẹ́.

Ajé, 10 Fẹ́búárì

Ráúǹdì kejì. Wákàtí méjì lórí àga, dírípù ń kán. Apá rẹ̀ ń ta á, wọ́n fi aṣọ gbígbóná wé e. Láti gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, "Wúrà, ṣé o rántí ojú Dávídì?"

Mo rántí. Dávídì ni ọkọ tí mo fẹ́ nígbà kan. Lọ́jọ́ tó fi ẹ̀yìn áyọ́ọ̀nù là mí lórí ní 2014, ìpè kan péré ni mo pe Bùrọ̀dá. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi dé. Ó yọ eyín mẹ́ta lẹ́nu Dávídì, ó fi ọwọ́ ọkùnrin náà há ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì ń ti ilẹ̀kùn náà títí egungun fi dún. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wò ó, inú mi ń dùn. Kí ni mo fẹ́ purọ́ fún ìwé tèmi fún? Inú mi dùn. Kò sẹ́ni tó jà fún mi bẹ́ẹ̀ rí kó tó dìgbà náà, kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó kú.

Ẹtì, 14 Fẹ́búárì

Ó gbàgbé, ó fi ọwọ́ lásán di ìlẹ̀kùn fíríìjì mú. Ìrora náà gùn ún dé èjìká. Ó fi ẹsẹ̀ já ìlẹ̀kùn náà kúrò lára fíríìjì, mílíìkì àti ẹyin dà sílẹ̀, ó tún ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìfẹ́ ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀. Moṣọpẹ́ ní kò sí nǹkan tó ṣe òun.

Mo pe àwọn tó ń ta fíríìjì, wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn lè gbé tuntun wá. Mo ní ọ̀la ni mo fẹ́ ẹ. Ọ̀la ni wọ́n ń gbé e bọ̀.

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Èsì apòògùn dé nígbẹ̀yìn. Ó gùn. Ó ní wọ́n máa ń fún àwọn mìíràn ní irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, lábẹ́ ojú dókítà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó dájú pé páúdà tí èèyàn lọ rà fúnra rẹ̀ ń gbé sójà ẹ̀jẹ̀ dìde láàárín kẹ́mò. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Ó ní tó bá ti ń mu ún, kí n sọ fún wọn lónìí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn: ṣé aláìsàn fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i?

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo tì í. Tí mo bá sọ pé a ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sún ráúǹdì kẹta síwájú.

Àìkú, 23 Fẹ́búárì

Ìfẹ́ pè mí láti inú mọ́tò. Ó ní ẹ̀mí gbé Wòólì Adédèjì láàárín ìsìn, ó pòòyì, ó sì wá dúró síwájú bàbá òun.

"Ó ní, 'Mo rí obìnrin kan nínú ilé rẹ, ó ń po ohun funfun sínú ife rẹ, kò sì fẹ́ kí o mọ̀.' Àǹtí Wúrà, báwo ló ṣe mọ̀? Èmi ni mo máa ń fọ ife yẹn! Dádì ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan látìgbà yẹn."

Mi ò mọ bó ṣe mọ̀. Bóyá Ọlọ́run ló fi hàn án. Bóyá ó rí páúdà lára aṣọ Moṣọpẹ́. Òótọ́ ló rí, ìdí rẹ̀ ni kò rí.

Lẹ́yìn wákàtí kan, Moṣọpẹ́ fúnra rẹ̀ pè, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Sisí mi, ẹ jẹ́ ká dáwọ́ dúró."

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù. Máa pò ó nígbà tó bá ń sùn."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, mà."

Ajé, 24 Fẹ́búárì

Bùrọ̀dá díbọ́n bí ẹni tó ń sùn.

Aago méjì ku díẹ̀ ni Ìfẹ́ pè. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀, igbe ni mo gbọ́, àti ohùn Bùrọ̀dá lẹ́yìn rẹ̀: "Gbé e mì! Gbé e mì!" Mo fi lọ́rí mẹ́ta sílẹ̀ láìfọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni mo fi dé Becontree.

Bùrọ̀dá ti gbá ọrùn ọwọ́ Moṣọpẹ́ mú níbi tó ti ń po ògì, ó lọ́ ọ títí ó fi ṣẹ́, ó na án sórí tábìlì, ó fi àtàǹpàkò ya àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń da páúdà gbígbẹ sí i lẹ́nu láti inú ike. Nígbà tó ń tu ú jáde, ó fi ìdí ike náà gbá a lẹ́nu. Ìfẹ́ fò mọ́ ọn lẹ́yìn, ó jù ú lu ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo wọlé, Moṣọpẹ́ jókòó sílẹ̀ níbi síńkì. Ojú rẹ̀ funfun bí ti òkú. Ẹ̀jẹ̀ àti páúdà ti pò di ẹ̀kọ lágbọ̀n rẹ̀. Ojú kan ti dí. Bùrọ̀dá jókòó sórí àga, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Wúrà, o bọ́ sásìkò. Wo ọ̀tá mi. Ọdún mọ́kàndínlógún lórí ibùsùn mi! Wòólì rí i, èmi náà sì rí i."

Moṣọpẹ́ fi ojú kan tó kù wò mí.

Mi ò jẹ́wọ́. Ohun tí mo sọ, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, ni pé: "Bùrọ̀dá, ẹ fara balẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ara yín gbóná." Mo yẹ ìgbóná ara rẹ̀ wò kí n tó gbé ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 25 Fẹ́búárì

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Eyín méjì lọ. Ó sọ fún dókítà pé òun yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Dókítà wo èmi. Mo wo ògiri.

Nínú mọ́tò, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún Bùrọ̀dá pé èmi ni mo ní kó pò ó.

"Tí mo bá sọ ọ́, ṣé ó máa wọ mọ́tò yín lọ́jọ́ Ajé?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fọn láàárín eyín tó yọ. "Ẹ parí ráúǹdì yín, Sisí mi. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo wọn."

Mo ṣèlérí. Òun àti Ìfẹ́ ti wà lọ́dọ̀ mi ní Dagenham East báyìí. Ìfẹ́ kì í bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹtì, 28 Fẹ́búárì

1.7. Ọjọ́ mẹ́rin láìsí páúdà rárá. Mo wo nọ́ńbà yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ajé, 3 Máàṣì

Ráúǹdì kẹta. Nínú mọ́tò Bùrọ̀dá ń fi ìgbéraga sọ bó ṣe mú ìyàwó rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ìtàn olè tó wọlé. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo lè jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí." Mo gbé ìrẹsì tí mo sè fún un. Ó jẹ gbogbo rẹ̀. Mo wakọ̀ padà, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo bì.

Àìkú, 9 Máàṣì

Bùrọ̀dá jẹ́rìí níjọ lónìí pé Ọlọ́run gba òun lọ́wọ́ májèlé ìyàwó òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Wòólì ní kí wọ́n mú Moṣọpẹ́ wá ní Àìkú tó ń bọ̀, kó wá jẹ́wọ́ níwájú pẹpẹ. Ẹnìkan ti gbé fídíò rẹ̀ sí Wásáàpù ẹbí wa. Àwọn èèyàn wa ní Ṣágámù ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀ láti ọ̀sán: lé e síta, gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, àjẹ́, apani. Ẹni mọ́kànlélógójì ló wà nínú gúrúùpù yẹn. Èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Ráúǹdì kan ló kù. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì

Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Moṣọpẹ́ lórí àtẹ̀gùn, fóònù lórí itan rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ. Ará ìjọ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fi fídíò náà han ọ̀gá. Wọ́n ní kó dúró sílé títí wọ́n á fi wádìí bóyá ó ti po nǹkan sí oúnjẹ ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Ìyàwó, fara dà á. Ọjọ́ méjìlá péré. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, mo máa..."

Ó dìde. Ọwọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dì ló fi gbá mi lẹ́nu. Èmi, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí kò pe orúkọ mi rí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa. Ètè mi là. Ó tún gbá mi.

"Ẹ ń ka ọjọ́! Eyín mi ni ẹ fi ń ka ọjọ́! Ìyá mi ní Ìkẹ́nnẹ́ ò lè lọ ra epo mọ́, wọ́n ń pè é ní ìyá apani. Ìyá mi! Wúrà, ìgbà wo lo máa lanu?"

Ó pe orúkọ mi. Mo ní lẹ́yìn ráúǹdì kẹrin. Ó tu itọ́ sílẹ̀ níwájú mi, ó sì wọlé.

Mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mi ò lanu.

Àbámẹ́ta, 15 Máàṣì

Mò ń fi ọwọ́ òsì kọ èyí, ọ̀tún ti wú. Ojú ọ̀tún mi kò ṣí.

Aago mọ́kànlá àárọ̀, oòrùn ràn. Mo gbọ́ ìdí ìgò lára gíláàsì ẹnu ọ̀nà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó fọ́. Bùrọ̀dá na ọwọ́ wọlé, ó já kọ́kọ́rọ́. Aṣọ àdúrà ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn wá sí apá rẹ̀.

"Níbo ló wà? Ó ń bá mi lọ. Lónìí ló máa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ kó tó dúró níwájú pẹpẹ lọ́la."

Moṣọpẹ́ wà lókè. Mo gbọ́ tí Ìfẹ́ ń pe ọlọ́pàá, ó ń pe àdírẹ́ẹ̀sì ilé mi lẹ́yọ lẹ́tà. Mo dúró sí ìdí àtẹ̀gùn.

"Bùrọ̀dá, ẹ padà sílé."

"Kúrò lọ́nà. Mi ò bá ẹ jà."

Ó gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Lókè, Moṣọpẹ́ kò ké. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣáá ní ohùn jẹ́jẹ́: "Ó ti dé. Ó ti dé." Ohùn yẹn ló pa mí.

Mo ní, "Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ra páúdà. Èmi ni mo ní kó dà á sínú ògì. Ó bẹ̀ mí pé ká dáwọ́ dúró, mo kọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "O fẹ́ gbèjà ẹ̀. Ojú àánú ẹ ti pọ̀ jù."

Mo fa fóònù yọ, mo ṣí ètò tí mo fi ránṣẹ́, mo nà án sí i. Ó kà á. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń sọ ọ́: ṣíbí méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án. Ó dé ìsàlẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Mi ò rí ìkúùkù àkọ́kọ́. Mo gbọ́ ọ ni, bí ẹni tẹ bisikíìtì nínú orí mi. Mo ṣubú lu ògiri, ó fa irun mi, ó tún gbá mi, ó tún gbá mi, ó ń ké pé, "Ìwọ! Ìwọ!" Ó di ọrùn mi mú. Ọwọ́ yìí kan náà ló há ọwọ́ Dávídì mẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kan ní ayé tí mo lè pè kó wá gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti gé e. Èmi ni mo ń pààrọ̀ báńdéèjì ibẹ̀ ní Nòfẹ́ńbà. Ibẹ̀ gan-an ni mo fi orúnkún gbá. Lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ tú. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ká lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò yẹ kó wáyé. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó dùbúlẹ̀ láàárín àfọ́kù gíláàsì nínú aṣọ funfun, ó ń ké pe ìyá wa. Ọlọ́pàá dé.

Àìkú, 16 Máàṣì

Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti fọ́. Ikùn Bùrọ̀dá kò tú, dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìfẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ èmi tàbí Moṣọpẹ́.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí nìyí, mo sì fi ránṣẹ́ sí Wòólì Adédèjì àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ Moṣọpẹ́:

"Kò sí májèlé. Oúnjẹ àwọn tó ń gbé irin ni. Èmi Wúrà ni mo rà á, èmi ni mo pàṣẹ pé kí Moṣọpẹ́ pò ó fún Bùrọ̀dá láìsọ fún un. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí n dúró, mi ò dúró. Ó ní ká ṣíwọ́, mo kọ̀. Wọ́n fọ́ ọ lẹ́nu nítorí mi, mo sì dákẹ́ fún ogún ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú ẹnìkan, kó bú mi."

Ẹni mẹ́sàn-án ti jáde nínú gúrúùpù náà. Ẹnìkan béèrè bóyá páúdà náà ṣiṣẹ́.

Ajé, 17 Máàṣì

Mo pe Catherine, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó gba ìwọ̀n àti ọjọ́, ó ní àwọn máa yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò lónìí. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ó mọ̀ pé òun ń mu ún?"

"Rárá."

Mo gbọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Wúrà, ara rẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹrù tí wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́."

Ẹtì, 21 Máàṣì

Ọjọ́ èsì ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí. Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù sórí tábìlì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń wò ó.

Ajé, 24 Máàṣì

Ráúǹdì kẹrin. Ìfẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ lójú mi, kò sọ fún mi, pé mọ́tò ọsibítù wá gbé bàbá òun, pé díákónì kan bá a lọ, pé 1.5 géérégé ni èsì rẹ̀. Ó ti wà lórí àga.

Mo gbé Moṣọpẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kó lọ sọ tẹnu rẹ̀. Ọlọ́pàá obìnrin kan jáde wá, ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ta lẹ jẹ́ sí i?" Èmi ló ń bi.

Moṣọpẹ́ ti dá a lóhùn. "Àbúrò ọkọ mi ni. Òun ló ní kí n po páúdà yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀."

Ó kọ ọ́. Mo ní kí n bá wọn wọlé, pé mo ti to gbogbo ọjọ́ àti àkókò lẹ́sẹẹsẹ, pé á jẹ́ kó yá.

"Ẹ dúró síta," Moṣọpẹ́ sọ. Kò pè mí ní Sisí, kò pè mí ní Wúrà.

Ọlọ́pàá náà ní ó lè gba gbogbo ọ̀sán. Mo ní, "Kò burú, Àǹtí Moṣọpẹ́. Ẹ má kánjú." Mi ò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó ti yíjú kí n tó sọ ọ́ tán. Ilẹ̀kùn ti padé.

Orí àga yìí ni mo ti ń kọ ọ́. Ó ti di wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹnìkan wá bi mí bóyá wọ́n ti dá mi lóhùn, mo ní mò ń dúró.